Ojú Màmá Jayéọlá

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí Ìbídùn ti dé iwájú ògiri ẹ̀rọ tó ń kọ́ni. Agbẹ̀bí ni. Bí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ àárọ̀, ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí kò ní ṣí fún un. Ó kùnà níjẹta, ó kùnà lánàá. Bí ó bá tún kùnà lónìí, ilé ni yóò jókòó sí fún oṣù kan gbáko.

Màmá Jayéọlá yọ lára ògiri. Àwọn ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ti kú láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti ìjẹta, ojú àti ohùn wọn ni ògiri fi ń kọ́ni.

"Ìbídùn, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, mà." Ó kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ̀ àti oorun.

Ládùn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Ojú ni nǹkan yìí fi ń mọ ẹni tó ń gbọ́. Wò wọ́n lójú jàre!"

"Èmi? Kí n wo Màmá lójú?"

"Aboyún ń rọbí nínú, Ìbídùn!"

Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Iná pupa kú. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ilẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n kò tètè dìde. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyá yìí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹyinjú wọn kò dúdú. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí oyin.