Pèpéle Onígi Tútù

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ sì dé ipò.

1.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Gösta Ryding fi kan àga ní ìlú Ekhult kó tó bọ́ sínú òṣèlú. Níbikíbi tó bá ti ń polongo ìbò, àpótí ìjókòó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló ń gbé dání. Á gbé e kalẹ̀, á gun orí rẹ̀, á fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ṣé ẹ gbọ́ kó dún?"

"Rárá o!"

"Káfíńtà lè purọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò lè purọ́ fún igi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìbò fún un, ó di alága ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ìbò mìíràn ku ọdún kan, ó ṣèlérí nípa Lusia, ayẹyẹ tí àwọn ọmọ ti máa ń fi iná kọrin ní ìdájí: "Kí àárọ̀ Lusia tó dé ní oṣù Kejìlá, orí pèpéle gíga tí a fi igi inú igbó tiwa kàn ni àwọn ọmọ wa á ti máa kọrin ní gbọ̀ngàn ilé ìwé."

Oṣù Kẹrin ni wọ́n gé igi náà. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fẹ́ kàn án.

2.

Solveig Tingström ló ránṣẹ́ pe Gösta. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, òun ló sì wá di olórí ilé iṣẹ́ káfíńtà tí Gösta fi sílẹ̀.

"Gösta, pákó tó nípọn tó ìbú àtàǹpàkò kan, ọdún kan ló fi ń gbẹ. Ìbú méjì lèyí. Oṣù márùn-ún péré ló lò."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mú dáadáa."

"Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án."

Bí àwọn káfíńtà Ekhult ṣe ń dán igi wò nìyẹn. Igi tó gbẹ, kò ní tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ. Igi tútù á mú ọ bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Gösta bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan pákó náà. Òtútù náà wọ̀ ọ́ dé eyín. Ṣùgbọ́n oníròyìn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà rẹ̀ ti wà lójú.

"Ó gbẹ," ni Gösta wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

"Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ àbí ìbò ẹ?"

"Solveig, kan pèpéle náà."

"Wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbọ̀ngàn yẹn gbóná. Bí igi yìí bá débẹ̀ tó wá ń gbẹ, á súnkì, ibi tí igi ti wọnú igi á tú sílẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi!"

"Nígbà yẹn, ọ̀gá ẹ ni mí. Ní báyìí ńkọ́? Alága ni mí."

Solveig kọ̀, kò kan pèpéle náà. Àwọn káfíńtà mìíràn ló kàn án.

3.

Tuva, ọmọ ọmọ Gösta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n yàn pé kó dé adé iná Lusia, kó sì ṣáájú àwọn akọrin. Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe kù, ìdílé wọn jọ ń jẹun ọ̀sán.

"Bàbá àgbà, pèpéle yẹn ń dún o."

"Báwo ló ṣe dún?"

"Kẹ́! Bí orúnkún Màmá àgbà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Síbí Gösta dúró láàárín àwo àti ẹnu.

"Mo sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó tutù."

"Igi tuntun ni, ọmọ mi. Ó ń na ara ni."

Ó pinnu láti lọ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí alága bá rá wọ abẹ́ pèpéle, àwọn èèyàn ò ní bi í pé kí ló ń wá? Kò lọ.

4.

Àárọ̀ Lusia. Gbọ̀ngàn kún, wọ́n pa iná. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gun pèpéle, Tuva ló ṣáájú pẹ̀lú adé iná lórí. Solveig wá jókòó ti Gösta.

"Ìwọ náà wá gbọ́ orin?"

"Etí ni mo wá dẹ."

Kẹ́!

Ojú wọn pàdé nínú òkùnkùn. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

"Gösta, dìde."

"Jẹ́ kí orin yìí parí."

Kẹ́! Kẹ́!

"Dìde! Ìwọ ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀!"

Ẹsẹ̀ Gösta fẹ́ dìde, ìtìjú so ó mọ́lẹ̀. Solveig fò dìde: "Ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀! Pèpéle yẹn ń tú!"

"Ẹ jókòó jàre!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn. Olùkọ́ orin dá orin dúró. Ó wo Gösta. Gbogbo gbọ̀ngàn wo Gösta. Ta ló tún mọ igi jù ú lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibí yìí gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù.

Gösta gbé ọwọ́ sókè, ó rọra jù ú: kò séwu, ẹ máa bá a lọ.

Olùkọ́ padà sídìí orin. Tuva tún la ẹnu. Adé iná náà yẹ̀ sápá kan, ó sì bá pèpéle wọlẹ̀ lọ.

5.

Kò sẹ́ni tó kú. Ọmọ mọ́kànlá ló ṣẹ́ egungun. Ẹsẹ̀ Tuva ni òpó fọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà bi í pé: "Bàbá àgbà, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kó tó wó?"

Gösta tẹrí ba. Tuva kọjú sí ògiri.

Gösta kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Títí di òní, ọ̀pá ni Tuva fi ń rìn. Bó bá sì dé ibi àtẹ̀gùn onígi, bó ti wù kéèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ipò tó o dé kò pa ohun tó o mọ̀ rẹ́. Bó o bá gbọ́ ewu, sọ ọ́, bí ojú tilẹ̀ máa tì ọ́. Má fi ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé juwọ́ irọ́. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nípò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.