Ẹ̀yìn Ló Ń Dun Tìmí



Tìmí, olólùfẹ́ mi, ti dé ilé wa ní Cinco Ranch, lẹ́bàá Houston, láti wá kí Daddy.

"Ẹ káàsán, sà."

Ó kàn tẹrí ba ni. Kò dọ̀bálẹ̀.

Ojú Daddy yí padà. "Mojọlá, ẹni tó o ní o fẹ́ fẹ́ rèé? Ọmọ Houston tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà?"

Ó ti rẹ̀ mí. Mo bẹ Daddy títí kí wọ́n tó gbà láti rí i.

"Tìmí, jọ̀ọ́, dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Ara Daddy rọ̀. Láti ìgbà tí adigunjalè ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Daddy náà ò kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wá, kí n gbàdúrà sí i."

Wọ́n gbọ́wọ́ lé ìbàdí rẹ̀, wọ́n pariwo orúkọ Jésù. Lójijì, ọwọ́ wọn kan nǹkan líle lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Ṣé ìbọn nìyí?"

"Òfin Texas gbà wá láyè, sà. Kò béèrè ìwé àṣẹ mọ́."

Daddy wá ká etí bùbá tiwọn sókè. Ìbọn ló wà níbẹ̀.

"Àna mi, ẹ̀yìn tó ń dun èmi náà nìyí. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì tí mo fẹ́ràn jù láyé dúró gbagidi.

Èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀.