Àǹtí Dìde àti Ẹsẹ̀ Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wá fò ó o. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ojoojúmọ́ dúró ṣiṣẹ́.

1.

Obìnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Àǹtí Dìde ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá ti rí òṣìṣẹ́ tó fìdí lé nǹkan, ìbáà jẹ́ agbọ̀n aṣọ, á ní, "Dìde! Aṣọ kì í lọ ara rẹ̀!" Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orí àga onítìmùtìmù ló ń wà lẹ́nu ọ̀nà, fáànù ń fẹ́ ẹ, ó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń bá a lọṣọ. Ìyá wọn ló fà á lé e lọ́wọ́: "Ojú tí mo fi ń wò ó ni kó o fi wò ó o." Ọwọ́ ọmọbìnrin náà mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá lọ, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí ìdúró ló wà, lórí sìmẹ́ńtì líle.

2.

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó dọ́gbọ́n sí i. Nírọ̀lẹ́, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì gun ògiri títí wọ́n á fi fúyẹ́. Ó tẹ́ páálí sórí sìmẹ́ńtì. Ó fi bíríkì kan sábẹ́ tábìlì, á gbé ẹsẹ̀ kan lé e, bó bá yá, á gbé ìkejì. Gbogbo èyí ń ràn án lọ́wọ́. Ó wá ra àpótí ìjókòó kékeré kan, kó lè máa sinmi lé e nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́.

Àǹtí Dìde rí i.

"Ta ló ni àpótí yìí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí."

"Ẹsẹ̀ ń ro ọ́? Èmi ò ní ẹsẹ̀ ni? Kí oníbàárà wá bá ọ lórí ìjókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

Ó fi àpótí ta aládùúgbò lọ́rẹ, ó kó páálí dànù. Ẹ ò rí i, ẹni bàtà ń ta ló mọ ibi tó ti ń ta á.

3.

Hótẹ́ẹ̀lì ńlá kan kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wá, ó pọ̀ bí òkè. Ọ̀kánjúwà wọ Àǹtí Dìde lẹ́wù. Ó ní kò sí ọjọ́ ìsinmi mọ́.

Àárín iṣẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ òsì àbúrò rẹ̀ wú. Ọ̀tún kò wú o, òsì nìkan ni. Ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ pọ́n, ó sì gbóná. Kò gbọ́ ti ògiri mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ rí i tó ń tiro. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àbúrò mi, èyí kì í ṣe àárẹ̀ ìdúró o. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ọ. Ọsíbítù ni, lónìí yìí!"

"Ẹ ṣeun o, a ó lọ," ni Àǹtí Dìde wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí nọ́ọ̀sì ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ ju ká dẹ́rù bani lọ. Parí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yìí ná."

"Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣé èmi á fẹ́ kó o kú ni?"

Nírọ̀lẹ́, ó mú ìpara gbígbóná, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ tagbáratagbára. Ọmọ ń ké. "Fara dà á, ó máa lọ." Lójú tirẹ̀, ìkẹ́ ló ń kẹ́ ẹ. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí tábìlì, ọmọbìnrin náà ṣàdédé di àyà mú.

"Àǹtí, mi ò lè mí."

Ó ṣubú. Áyọ́ọ̀nù dojú dé ṣíìtì funfun, èéfín sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, áyọ́ọ̀nù ni Àǹtí Dìde kọ́kọ́ sáré gbé. "Yéè! Ṣíìtì hótẹ́ẹ̀lì!" Ìgbà tó gbé e nàró tán ló tó yíjú sí ọmọ ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí gbogbo rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsíbítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ ló ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó béèrè pé, "Ṣé ẹnì kan wọ́ ẹsẹ̀ yìí ni?"

Àǹtí Dìde fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn. Òórùn ìpara ṣì wà lára wọn.

5.

Ìyá wọn dé. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ fi ibi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí hàn mí, kí n jókòó síbẹ̀."

Àǹtí Dìde sáré gbé àga onítìmùtìmù wá.

Ìyá wo àga, ó wo Àǹtí Dìde. "Tìẹ nìyẹn. Tọmọ mi ni mo béèrè."

Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì.

Láti ọjọ́ náà, kò pe obìnrin yìí ní ọmọ mọ́. Hótẹ́ẹ̀lì kó ẹrù wọn. Àdúgbò gbọ́ bó ṣe gbé áyọ́ọ̀nù kó tó gbé èèyàn, oníbàárà sì ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ló ń lọ ìwọ̀nba aṣọ tó kù. Ẹsẹ̀ ń ro òun náà. Kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá: ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín jókòó. Bó bá ní ó ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró ṣiṣẹ́, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sókè bẹ́ ẹ bá délé. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ. Ẹ gba ọsíbítù lọ kíá. Aṣọ tí ẹ ò lọ lónìí, ẹ lè lọ ọ́ lọ́la. Ẹ bá mi fi èyí ṣọwọ́ sí ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ nílé yín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ náà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kì í ṣíwájú rẹ̀.