Òòyà Ìyá Mopélọ́lá

Nǹkan méje péré ló kù nílé Ìyá Mopélọ́lá. Adégòróyè, òṣìṣẹ́ ìjọba, tún dé láti gbọ́ ìtàn wọn bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, torí òfin ni pé ohun téèyàn ò bá lè sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ìyá sọ ti ẹní, ó sọ ti ọlọ. Ó kan òòyà, ó yí i síwá sẹ́yìn, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ọmọ mi, mo ti gbàgbé.”

Adégòróyè mú òòyà náà, ó sì rọra fi í sí ìyá lọ́wọ́ padà.

“Ìyá, ẹ sọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá. Òun lẹ fi ya irun Mopélọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ sódò tí kò padà wálé.”

“Ṣé ó sunkún nígbà tí mò ń yà á?”

“Rárá o, Ìyá. Ẹ ní orin ló ń kọ.”