Tìmílẹ́yìn Tó Fi Òní Ṣáátá Àná

Tìmílẹ́yìn kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwà kan ṣoṣo ló ba ire ọwọ́ rẹ̀ jẹ́: kò ka ẹnikẹ́ni tó wà ṣáájú rẹ̀ sí. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ilẹ̀ ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì kan ní Ẹdẹ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó lápá méjèèjì, tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Tìmílẹ́yìn ni kọ́tábáàkì wọn, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún, tí yóò wá ẹni tí yóò jù ú sí kí àwọn ọ̀tá tó bá a. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dára, kí á má parọ́. Ó lè ju bọ́ọ̀lù láti ìdí igi kaṣú dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kó sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń retí rẹ̀. Ọwọ́ yìí ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ mú un lọ síbi ìdíje kan ní Ìbàdàn, níbi tí ẹni tó bá mókè yóò ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní òkè òkun.

Nínú eré tiwọn, wọn kì í wó ara wọn mọ́lẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Kóòṣì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, gé àlòkù ànkárá fún wọn láti há sí ìbàdí. Bí ọ̀tá bá ti já a gbà, eré dúró. Wọn ò ní akoto, wọn ò ní tìmùtìmù tí wọ́n ń dè mọ́ èjìká. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣeré tán, wọn a jókòó sábẹ́ kaṣú, wọn a máa jiyàn: nínú kọ́tábáàkì ayé àtijọ́ àti ti òde òní, ta ló mọ̀ ọ́n jù?

"Àwọn ará àtijọ́ wọ̀nyẹn?" ni Tìmílẹ́yìn máa ń wí. "Ẹ wo iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sọ́wọ́ ọ̀tá. Ojo ni wọ́n. Tí wọ́n bá gbé mi padà sáyé ìgbà yẹn, ọba ni mo máa jẹ."

Kóòṣì mi orí. "Tìmílẹ́yìn, nígbà yẹn, wọ́n lè gbá kọ́tábáàkì lórí, wọ́n lè wó o mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó ti ju bọ́ọ̀lù tán. Lónìí, òfin ló ń ṣọ́ ọ. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà."

"Ẹ má bínú sà, mi ò nílò àkísà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdíje kù díẹ̀, Kóòṣì lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kan. Tìmílẹ́yìn fa ànkárá ìbàdí rẹ̀ yọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òfin àtijọ́ ni àwọn yóò fi ṣeré lónìí, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó nawọ́ sí Teslim, ọmọ àgbẹ̀ kan láti ìlú Ẹdẹ gan-an, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ni kó o wá bá mi. Kì í ṣe aṣọ lo máa já o, èmi gan-an ni kó o mú."

"Tìmí, fi mí sílẹ̀ jàre," ni Teslim wí. "Àwọn ará àtijọ́ tó ò ń sọ, akoto wà lórí wọn. Kí ló wà lórí tìẹ?"

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Padà sóko, ọmọ àgbẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú Teslim yí padà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbéra, mi ò ní lè dúró o."

Nígbà tí Tìmílẹ́yìn dúró sáyè rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìbàdí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un, Teslim sì gbéra.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì pé kó ju bọ́ọ̀lù sí àwọn, ṣùgbọ́n kò rí ẹnì kan nínú wọn. Àyà Teslim tó ń bọ̀ ló kún ojú rẹ̀. Ó kàn ju bọ́ọ̀lù náà nù. Ọwọ́ ọ̀tá ló bọ́ sí, ó sì rí i kedere. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Teslim ò lè dúró mọ́, ó kọlù ú, ó sì wó o mọ́lẹ̀.

Ó gbọ́ nígbà tí egungun rẹ̀ dún. "Tìmí, dìde. Mo bẹ̀ ẹ́, dìde," ni Teslim ń wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, Tìmílẹ́yìn di ojú rẹ̀ pinpin, torí ẹ̀rù ń bà á láti wo ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" ni ó ń bèèrè títí wọ́n fi débẹ̀.

Dókítà ní èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Àwọn yóò tò ó, yóò sì jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò ní gòkè kọjá àyà mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ṣì lè ju bọ́ọ̀lù?"

Kóòṣì, tó ti dé láti Òṣogbo, rọra di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, kò sì bá a wí rárá. Ìyìnolúwa, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n mú lọ sí Ìbàdàn dípò rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jókòó sábẹ́ kaṣú, wọ́n ń jiyàn. Ọ̀kan nínú wọn ní ojo ni gbogbo kọ́tábáàkì ayé àtijọ́. Tìmílẹ́yìn tó ń kọjá lọ dúró. Ó fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti dá a dúró. Ọwọ́ náà dé àyà, ó dúró síbẹ̀.

Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá. Ṣé ẹ̀yin náà ti gbá bọ́ọ̀lù yìí rí ni?"

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí kò jẹ nínú ìyà ayé kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àwọn tó jẹ ẹ́ lójo. Kí ẹ tó fi ara yín wé ẹni àná, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń sáré bọ̀ wá bá a, àti ohun tó ní láti fi gbà á. Bí ẹ̀rù bá sì bà yín lórí ohun tí ẹnu yín ti sọ, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àbámọ̀ gbogbo ayé lọ.