Fúláwà Jonah

Lójú gbogbo ẹbí ni Damaris ti sọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó ní Osi láti gba ilé ọkọ rẹ̀ tó kú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí fúláwà tí Jonah gbìn síwájú ilé yìí bá kú, n ó kó ẹrù mi. Bí kò bá tíì kú, mi ò rebì kan."

Bándélé, àbúrò Jonah, gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Kí ni fúláwà lásánlàsàn? Háíbísíkọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é. Pupa fòò, a máa là láàárọ̀, a sì rọ lálẹ́. Igi ọ̀hún pàápàá ti darúgbó. Ó ti ga kọjá fèrèsé, ẹ̀ka rẹ̀ ti gbó, òdòdó rẹ̀ kò sì ju méjì mẹ́ta lọ mọ́. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Bándélé?

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán ló gba ibẹ̀ lọ. Damaris ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀. Ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú lódò. Àdá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Bándélé mú un.

Damaris kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ má gé e. Bí ẹ bá sì máa gé e, ẹ má mú un dé orúnkún. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà."

"Èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́ oko, Ìyá Tolú?"

Orúnkún gan-an ló gé e dé. Òógùn bò ó.

"Ó dáa," ni Damaris wí. "Ẹ ṣáà má da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i nídìí. Yóò jó o pátápátá."

Ewúrẹ́ Bándélé pọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ru agbọ̀n kan dé, ó dà á sídìí igi náà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Máa di ẹrù rẹ," ló wí.

Damaris ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Òjò ń rọ̀, Bándélé ń retí ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, ó ń ti oko bọ̀, ó yà síbẹ̀. Òdòdó pupa ti bo iwájú ilé, ewé kò ráyè. Ó dúró lẹ́yìn ògiri. Damaris ń bá ọmọ rẹ̀, Tolúlọpẹ́, sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Má wulẹ̀ wá ẹni tí yóò bá mi gé e lọ́dún tó ń bọ̀," ló ń wí, "bí òjò bá ti rọ̀, n ó tún kúnlẹ̀ bẹ Bándélé ọkọ mi pé kí wọ́n má gé e."