Ọmọbìnrin Jẹ́ẹ́

"Bọ́ bàtà ẹ síta. Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni mo bí ni?"

Bí Mummy Ṣóbọ̀wálé ṣe kí ọmọ wọn tó jẹ́ télọ̀ káàbọ̀ sílé ní Alápẹ̀rẹ̀ nìyẹn, níṣojú àfẹ́sọ́nà tó mú wá hàn wọ́n. Ojú ti télọ̀. Ariwo ìyá rẹ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kó lọ wá Fikáyọ̀, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

Mummy ò tíì dákẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti rù, wọ́n ní Daddy ló bà á jẹ́. Daddy ń wolẹ̀ lórí àga wọn.

Fikáyọ̀ kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Mummy rí nínú ilé yẹn. Wọ́n jókòó.

"Ẹ ṣé, Mummy. Ẹ jẹ́ kó mumi ná."

Daddy gbójú sókè, inú wọn dùn. "Ọmọ mi, ìgbà wo nìgbéyàwó?"

Télọ̀ fẹ́ dáhùn. Ìgbà yẹn ló rí i pé òun náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.